Ìlù Tó Wà Nínú Orin Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Mo gbọ́ ohùn bàbá mi lónìí. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù atún-fóònù-ṣe tó wà ní ìkòríta, níwájú gbogbo ayé, lọ́sàn-án gangan.

Kì í ṣe ohùn tó jọ tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni. Ọkùnrin tí mo dúró tì títí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀ tán. Ó ń kọrin láti inú sípíkà dúdú kan tí wọ́n gbé lé àga, àwọn ọ̀dọ́ sì ń jó sí i, wọ́n ń mi èjìká bíi pé egungun ò sí níbẹ̀. Ìlù rẹ̀ ń sáré — pùtù-pùtù-pùtù — irú ìlù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lù nísinsìnyí. Jìtá kan ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì fẹ́ jí ará ilé. Bàbá mi wá dá sí i:

*Rọra, àlejò mi, ilé ò sá lọ.*
*Ẹni tó ń dúró dè ọ́ ò tíì sùn.*

Mi ò gbọ́ kí bàbá mi kọrin rí láyé mi. Ó máa ń kùn nínú imú tó bá ń tún nǹkan ṣe, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n kíá, bí èèyàn ṣe ń mọ ìró ẹsẹ̀ ará ilé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Mo bi atún-fóònù-ṣe pé ta ló kọ ọ́. Ó ní orin tuntun ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àbí mi ò sí láyé ni.

Ó dáa. Mo wà láyé. Ẹni tó ń kọrin ni kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mi ò tíì sọ fún Màámi. Àwa méjèèjì là ń gbé ilé yìí láti ìgbà tí bàbá ti lọ — èmi nínú yàrá tó kọjú sí títì, òun nínú èyí tó kọjú sí àgbàlá. Oníkálukú gbà pé òun lòun ń tọ́jú ẹnì kejì.

Níbi iṣẹ́ nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kékeré gbé fóònù rẹ̀ sókè nígbà tí à ń dúró de omi gbígbóná. Orin náà. Àwòrán kan wà níbẹ̀: ọkùnrin tín-ín-rín, ṣẹ́ẹ̀tì onílà, irun kíkún. Bàbá mi kó tó di bàbá mi. Ọdún tí wọ́n ṣe àwo náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún.

Àríyànjiyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ogun. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní lọ́dún yẹn, fèrè ló ń dún níbi gbogbo, orin kan á gba ojú àwo kan tán, ta ló mọ irú ìlù yìí nígbà náà? Wọ́n ní ẹnì kan ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lóṣù tó kọjá, tó wá fi àwòrán àtijọ́ bò ó. Ẹlòmíì ní ọkùnrin inú àwòrán ò tiẹ̀ gbé ayé rí.

Agbálẹ̀ wa fara ti igi ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ ti ń mú òkú kọrin báyìí o. Wọ́n á gba ohùn rẹ, wọ́n á fi sọ ohun tí o ò sọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún ẹnì kankan pé bàbá mi ni.

Bó bá jẹ́ irọ́, ta ló jí ohùn rẹ̀? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi pa á mọ́ fún mi?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ilé kejì lu orin náà. Màámi dìde, ó ti fèrèsé, ó padà jókòó. Kò béèrè pé orin ta ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Wáyà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni láti ìgbà èwe wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Wáyà nígbà tí mo wà ní kékeré, torí kò síbi tí o máa jókòó sí nílé rẹ̀ tí wáyà ò ní gún ọ nídìí. Yàrá iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Báyìí, eruku ló ń gbà sílẹ̀.

Kí n tó jókòó ló ti ní, "O ti gbọ́ ọ."

Ó ní òótọ́ ni. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan. Bàbá mi, jìtá, màtírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi dí fèrèsé, ó parí. Àwo díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀. Ó ní láyé ìgbà yẹn, bí àwọn tó ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ ò bá kún yàrá, aráyé á ní ìṣẹ́ ló ń bá ọ jà. Wọ́n gbé e lọ sílé rédíò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lù ú. Kò tíì parí tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi pa á, tó bú sẹ́rìn-ín lórí afẹ́fẹ́, tó ní kí ẹnì kan jọ̀wọ́ bá ọkùnrin yìí wá ẹni tó máa tún aago rẹ̀ tó ń sáré ṣe.

Bí orin náà ṣe kú nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọbìnrin kan tó máa ń ra àwo àtijọ́ rí ọ̀kan lọ́wọ́ Bàbá Wáyà. Òun ló gbé e síta.

Mo ní, ìlù wo wá ni? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà kan tí kò sẹ́ni tó ní kó ká. Ó ní orí tépù ni bàbá mi gbé e wá, ó ti wà níbẹ̀ kó tó dé, ó ní kí òun má béèrè. "Èmi náà ò sì béèrè. Ká ní o rí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ náà ò ní béèrè."

Tépù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú agolo bisikíìtì. Kò lù ú mọ́ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Aboyún kan wá, oyún àkọ́kọ́, ètè kan ò pàdé ìkejì fún ẹ̀rín. Mo ní kó dùbúlẹ̀. Mo da oje tútù sí i níkùn, ó pariwo, mo gbé ẹ̀rọ lé e, mò ń wá ọkàn ọmọ. Mo rí i. Ó ń sáré bí wọ́n ṣe máa ń sáré, tàgbà ò tó ìdajì ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. N kì í tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, bí ẹni tó ń gbé etí odò.

Fóònù rẹ̀ bá dún nínú báàgì. Orin bàbá mi.

Wọ́n wọnú ara wọn. Ìlù inú báàgì, ìlù inú ikùn. Ìró kan náà — àti afẹ́fẹ́ kékeré yẹn tó máa ń wà láàárín lílù kan àti ìkejì, bí ẹni ń fọwọ́ pa aṣọ. Awọ kì í dún bẹ́ẹ̀. Igi kì í dún bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kọ́.

Aboyún ń rẹ́rìn-ín: "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ń jó!" Ó wá rí ojú mi. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ṣé kò séwu o. Mo ní kò séwu rárá, ọmọ yín le bí òkúta. Mo kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀, mo kí i pé ó dàbọ̀. Mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìtọ̀.

Ilé ìwòsàn ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ jẹun. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe fún wọn. Irú èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ọkàn ta ni? Ọdún ara àwo yẹn fi ọdún méjì ṣáájú ọdún tí wọ́n bí mi. Èmi sì ni àkọ́bí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo ti to ọ̀rọ̀ náà bí ẹni to ẹyin. Nígbà tó dójú ẹ̀, ẹnu mi kàn là ni. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣíwájú mi?"

Ó ń ká aṣọ. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní ṣé èmi ni mo bí òun àbí òun ló bí mi. Ó ní bí iṣẹ́ bá ti sú mi, kí n lọ sinmi. Aṣọ ìnura kan náà ló ń ká, tó ń tú, tó tún ń ká.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó sọ ọ́.

Mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Bóyá torí pé mi ò wo ojú rẹ̀ ni.

Ó ní ẹ̀rọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílé ìwòsàn, ó ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Bàbá mi tún un ṣe, ó gbé e wálé lópin ọ̀sẹ̀ kó lè dán an wò. Ara ta ni yóò fi dán an wò? Oyún ti yọ dáadáa lára òun. Wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàbá mi so wáyà mọ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, àwọn méjèèjì sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọmọ. Ó ní kò sẹ́ni tó rántí oúnjẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ dákẹ́.

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ dákẹ́. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ bí i náà ni. Ó bí i. Àwọn nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e jáde, wọn ò jẹ́ kó rí i. Wọ́n ní ohun tí ojú ò bá rí, ọkàn á tètè gbàgbé ẹ̀.

"Mi ò gbàgbé," ó ní. "Mi ò kàn mọ ẹni tí mò ń rántí ni."

Fún ọjọ́ pípẹ́, bàbá mi kàn ń jáde, ó ń wọlé. Ó wá lọ ṣe orin. Kò bi Màámi léèrè. Ó rò pé ẹ̀bùn ni. Ó ní kí Màámi jókòó sídìí rédíò lọ́jọ́ tí wọ́n máa lù ú, Màámi sì jókòó. Ó gbọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọkùnrin yẹn tó ń rẹ́rìn-ín.

Màámi fọ́ gbogbo àwo tó wà nílé. Bàbá mi dúró, ó ń wò ó, kò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò kọrin mọ́ títí ó fi kú.

Èékánná ti tán tipẹ́. Mi ò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mi ò ríbi gbà mọ́. Aránṣọ ń lù ú. Ẹni tó ń fọ mọ́tò ń lù ú. Lónìí, awakọ̀ tó gbé mi ń fi ìka lù ú lára kẹ̀kẹ́ ìwakọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń lù ní gbogbo ìkòríta.

Ṣé ẹ̀gbọ́n ni kí n pè é? Ẹni tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi jù lọ.

Mò ń ronú nípa nọ́ọ̀sì tó gbé e jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èèyàn dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ọmọbìnrin tó gbé orin náà síta wá sílé. Bàbá Wáyà ló júwe wa fún un. Mo ti sọ ọ́ ní Agbékọ́tí, torí ohun gbàǹgbà tó fi ń gbọ́ orin, tó bá sì bọ́ kúrò létí, á wà lọ́rùn. Ó kí Màámi tilé tọ̀nà. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa to ìlù sínú kọ̀ǹpútà fáwọn olórin. Ó ní òun ti wá ìlù yìí káàkiri, kò sí ẹ̀rọ kan láyé tó ń lu irú ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òun sì ti ń pe òun ní onírọ́.

Ó fẹ́ tépù inú agolo yẹn. Ó fẹ́ fọ ohùn rẹ̀ mọ́, kó gbé e jáde bó ṣe yẹ, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi. Ó sì tún fẹ́ yọ ìlù náà sọ́tọ̀, kó fún olórin kan tó lókìkí, kó fi ṣe orin ijó.

Màámi dìde, ó wọ yàrá lọ.

Èmi ni mo sìn ín jáde. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti sọ ohun tí ìlù náà jẹ́ fún un, ní gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ó yọ nǹkan ọrùn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ṣí fìlà. Ó ní, "Àǹtí, mo ti fi jó." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Mo lù ú níbi ọjọ́ ìbí mi." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò ní yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni láéláé. Ó ní bá a bá ní kí òun mú un kúrò níta, òun á mú un kúrò lónìí, kí àwọn tó ń pe òun ní onírọ́ máa pè é lọ.

Mo ní ọwọ́ Màámi lọ̀rọ̀ wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Àwọn ọmọ ilé kejì tún lù ú. Màámi dìde. Mo rò pé fèrèsé ló fẹ́ tì. Ó ṣí i. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jó nínú àgbàlá.

Ó ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n jó." Ó tún wò wọ́n sí i. "Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó wá ní kí n sọ fún ọmọ yẹn kó wá nǹkan tí wọ́n fi ń lu tépù. Òun fẹ́ gbọ́ ọ pátá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Yàrá Agbékọ́tí. Fóòmù lára gbogbo ògiri, o ò lè gbọ́ títì. Bàbá Wáyà gbé agolo náà wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló fi tépù sí i, ọwọ́ arúgbó, ọwọ́ tí kò gbàgbé. Màámi jókòó, báàgì lórí itan, bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

Ohun tó wà lórí tépù ju ohun tí wọ́n fi ṣe orin lọ.

Ariwo ṣṣṣ. Lẹ́yìn náà, ọkàn náà. Ó ń sáré. Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó tutù o!" Ó gbà mí ní àkókò kí n tó mọ̀ pé Màámi ni. Mi ò mọ ẹ̀rín yẹn. Kò dé ọ̀dọ̀ mi rí.

Lẹ́yìn náà, bàbá mi, nítòsí pẹ́kípẹ́kí, bí ẹni gbé ẹnu sún mọ́ ikùn. Ó ń pe orúkọ kan. Ó dúró. Ó tún pè é, bí a ṣe ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta pé kó wọlé.

Orúkọ mi ni.

Orúkọ mi, tó wà lára báàjì àyà mi níbi iṣẹ́. Orúkọ tí Màámi fi ń jí mi. Kí wọ́n tó lóyún mi rárá.

Gbogbo wọn wò mí. Màámi nìkan ni kò wò mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní inú ń run mí.

Orúkọ mi, aṣọ àlòkù ni mo wọ̀ dàgbà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pè mí — ta ni wọ́n ń pè?

Mo wá rántí báyìí: bí bàbá bá pè mí, tí mo bá yọjú, á kọ́kọ́ wò mí fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ ohun tó fẹ́. Mo máa ń rò pé ó ti gbàgbé iṣẹ́ tó fẹ́ rán mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Màámi wọ yàrá mi láìkànlẹ̀kùn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kò sẹ́ni tó ń sọ ọmọ lórúkọ nínú ikùn. Ó ní òun ò sọ ọ́ lórúkọ, òun kàn ń pè é ni."

Ó ní nígbà tí òun bí mi, orúkọ mìíràn wà nílẹ̀, òun ti mú un fúnra òun. Bàbá mi gbé mi, orúkọ yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ̀rù ba òun, òun fẹ́ gba mí lọ́wọ́ rẹ̀. "O wá yíjú sí i. Ìwọ tí o ò tíì lo wákàtí kan láyé. Kí ni kí n ṣe? Orúkọ náà ò tíì gbó. Kò sẹ́ni tó fi jẹ́ ìpè rí."

Mo bi í léèrè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, mo bi í náà ni. Mo ní bí ẹ bá ń wò mí, Màámi, ta lẹ̀ ń rí?

Ó di àgbọ̀n mi mú, bó ṣe máa ń ṣe tí mo bá ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ìdọ̀tí lójú. "Ìwọ ni mo mọ ojú rẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Agbékọ́tí pè. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní ibi tí bàbá ti ń pe orúkọ, ibi ẹ̀rín, ṣé kí òun gé e kúrò, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Mo gbé fóònù fún Màámi. Ó ní, "Má yọ nǹkan kan."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù keje

Ó jáde lọ́jọ́bọ̀. Àwọn tó ní irọ́ ni ti yí ohùn padà. Agbékọ́tí kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlù náà, ọkàn ọmọ inú ni, ilé ni wọ́n ti gbà á. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ ibi tó yẹ kí ẹnu dé.

Níbi iṣẹ́, wọ́n fi ìdùnnú pa mí. Wọ́n gbọ́ orúkọ mi, wọ́n rò pé èmi ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Nọ́ọ̀sì kékeré dì mọ́ mi. Ọ̀gá wa, tí n kò rí kí ojú rẹ̀ kúrò lára aago rí, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ojú. Ó ní, "Bàbá rẹ mà fẹ́ràn rẹ o. Inú ikùn ló ti ń pè ọ́." Mo ní ẹ ṣeun mà. Mi ò tún un ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa.

Lọ́sàn-án òní, Màámi ń gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó ti ní kí atún-fóònù-ṣe fi sínú fóònù òun. Mo wà nídìí omi, mò ń fọ ife. Ọkàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, bàbá pe orúkọ.

Ó dákẹ́, ó ń retí.

Ó tún pè é.

Ohùn Màámi bá jáde látinú yàrá. Kò fi ṣe àwàdà rárá: "Ṣé o ò gbọ́ ni? Bàbá rẹ ń pè ọ́."

Mo gbé ife sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ohùn tó jáde lẹ́nu mi, ohùn ọmọ kékeré ni.

Mo ní, "Mò ń bọ̀, sà."